Ìgbín àti Bíńtín Abẹ́ Igi Jíjẹrà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi wọ́ lọ wọ́ọ́ wọ́ọ́, ó wọ́ dórí Ìgbín àti ìgbín kékeré kan tí ń jẹ́ Bíńtín.

Nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn, Ìgbín ń gbé nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó nílé, ó lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kò bímọ, ó sì ń dùn ún gan-an. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ń jẹ̀ kiri, ló bá rí Bíńtín lábẹ́ igi jíjẹrà. Kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ìkarawun rẹ̀ pupa, ó ṣe ṣóńṣó lórí.

"Háà! Ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ nù! Èmi náà ti dọlọ́mọ!"

Ó gbé e pọ̀n, ó di ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n—"

"Dákẹ́! Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi àgbà gbé ń sọ̀rọ̀."

Oníwà tútù ni Bíńtín. Ó fa orí wọlé.

Ìgbín gbé e sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń ràn yòò, kí gbogbo ará àdúgbò lè wá wo ọmọ. Ó fún un ní ìbẹ́pẹ pípọ́n, ó ń kọrin:

Ọmọ mi, jẹun kí o dàgbà o,
*Bíńtín, bíńtín.*
Ọmọ mi, jẹun kí o tó mi o,
*Bíńtín, bíńtín.*

Bíńtín kò fẹnu kàn án. Èérún igi jíjẹrà ni irú tiwọn ń jẹ, abẹ́ igi tútù ni wọ́n sì ń gbé. Ó tún yọrí: "Ìyá, ẹ jẹ́ n—"

"Dákẹ́!"

Ìgbín gbé èèpo iṣu wá, ó kọrin. Bíńtín kò jẹ ẹ́.

Ìgbín gbé ewé ilá wá, ó kọrin. Bíńtín kò jẹ ẹ́. Oòrùn ń jó o, ara rẹ̀ ń gbẹ háú háú. Ó mọ̀ pé bí òun bá pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀, òun yóò kú.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, ẹ wo Ìbídùn láàárín yín! Ìbídùn, ṣé oorun lò ń sùn ni? Múra, ègbè ń bọ̀!

Bíńtín ro ó wò. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ̀ fọ́mọdé. Ta ni yóò ní kó má kọrin? Ló bá gba orin náà lẹ́nu Ìgbín:

Ìgbín, fìwo kan etí ìkarawun mi o,
*Bíńtín, bíńtín.*
Tọmọdé fẹ́lẹ́, tèmi ti ki o,
*Bíńtín, bíńtín.*
Mo ti bímọ, ọmọ mi ti bímọ o,
*Bíńtín, bíńtín.*
Oòrùn ń pa mí, gbé mi relé o,
*Bíńtín, bíńtín.*

Ìgbín fúnra rẹ̀ ló ń gbe orin, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń gbè é! Nígbà tó yé e, ó na ìwo, ó kan etí ìkarawun náà. Ó ki bí etí ìkòkò.

"Yéè! Ìyá àgbà ni mo ń pa lẹ́nu mọ́!"

Ó kúnlẹ̀ gbì. Ẹ má bi mí pé orúnkún wo ni ìgbín ní. Mo ní ó kúnlẹ̀!

"Ẹ má bínú, ìyá." Ó gbé e, ó sáré bí ìgbín ti ń sáré, ó dé abẹ́ igi jíjẹrà. Àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ tú jáde wìtìwìtì: "Ìyá wa dé o!" Bíńtín jẹ èérún igi, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Ìgbín yí padà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dúró," ni Bíńtín wí. "Ìfẹ́ ọmọ ló mú ọ ṣe é, inú ò bí mi. Ìwọ náà á bí, wọ́n á sì yè."

"Àṣẹ, ìyá!"

Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, Ìgbín yé ẹyin funfun báláú sínú ilẹ̀. Ẹyin náà pa, ó di ọmọ. Èyí tó kéré jù láàárín wọn yọrí, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n—"

Ìgbín pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Ó ní, "Wí, ọmọ mi. Mo ń gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ yìí kọ́ wa pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ má fi ìtóbi mọ àgbà, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àlọ́ mi ti fa orí wọ ìkarawun. Kí oníkálukú wọlé lọ sùn.