Ẹ̀pà Há Ọ̀gá Dókítà Lọ́fun

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ìyẹn bí kò bá sí ẹni tí ebi ń pa nítòsí.

Dókítà Adéyanjú ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọjọ́ pé tí wọ́n máa wò ó bóyá ó ti tó ẹni tó lè dá mójú tó wọ́ọ̀dù. Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Fadérera, ló fẹ́ dán an wò. Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bí nǹkan bá há èèyàn lọ́fun, kí lo máa ṣe?"

Adéyanjú tún táì rẹ̀ ṣe. "Mà, mi ò ní fi falẹ̀ rárá. Màá..."

Ọ̀gá di ọ̀fun mú lójijì. Ojú rẹ̀ yọ, ó ń nawọ́ sí i. Adéyanjú rò pé ó fẹ́ dá òun lẹ́kun ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Màá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, màá gbá a mú, màá ti ikùn rẹ̀ wọnú, màá sì tì í sókè..."

Kò fo ìgbésẹ̀ kankan. Nígbà tó máa fi ṣe tán, ọ̀gá ti dorí kodò sórí tábìlì.

"Mo ti parí, mà. Ṣé mo yege?"

Dókítà Fadérera gbórí sókè, ó ju ẹ̀pà mìíràn sẹ́nu.

"Gbogbo ohun tí o sọ ló dáa, dókítà. Ẹni tó fẹ́ fún ọ ní máàkì ló ti kú."