Ọ̀yà Tó Ní Oúnjẹ Nílé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó wọ inú koríko, ó bá Ọ̀yà àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹ má tòògbé o, ẹ̀yin lẹ ó gbe orin inú rẹ̀.

Ọ̀yà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìrèké àti ẹ̀gẹ́ kún ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gún gún ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó sunkún wá bá a, kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọ̀hún. Ó ní, "Oúnjẹ wà nílé." Àrá sán, ọmọ ń gbọ̀n, ó ní, "Oúnjẹ wà nílé." Àwòdì gbé ọ̀rẹ́ ọmọ náà lọ, "Oúnjẹ wà nílé" náà ni.

Lọ́jọ́ kan, okùn tí ọdẹ dẹ mú Ọ̀yà. Ó rí ọmọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó forin ké sí i:

Ọmọ mi, wá gbà mí o,
*Oúnjẹ wà nílé.*
Okùn ń gé mi lẹ́sẹ̀ o,
*Oúnjẹ wà nílé.*

Ẹ ṣeun. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe gbè é gan-an nìyẹn, tó sì kọjá lọ. Kò bínú sí bàbá rẹ̀ o. Ohun tó mọ̀ pé wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń sunkún nìyẹn.

Ọmọ Òkété, tí bàbá rẹ̀ máa ń mú dání lọ kí aláìsàn, ló sáré dé. Ó ń gé okùn náà jẹ títí ọdẹ fi yọ, tó gbé Ọ̀yà lọ. Ọmọ Òkété fi ẹkún sáré tọ ọmọ Ọ̀yà lọ.

"Wọ́n ti gbé bàbá rẹ lọ!"

Ọmọ Ọ̀yà wò ó títí, àánú fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàánú ẹni. Ó ní, "Má sunkún mọ́. Oúnjẹ wà nílé."

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má gbè é mọ́.