Ohun Tó Ń Dúró De Káàdì

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Nígbà kan rí, bí èèyàn bá tẹ ìwé níbẹ̀, orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò jáde sí, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á máa kà á bíi pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nígbà tí òfófó pọ̀ jù, wọ́n yí ètò padà. Bí o bá rán ìwé láti orí kọ̀ǹpútà rẹ, kò ní jáde. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni yóò dúró sí títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi lọ fi káàdì tó wà lọ́rùn rẹ kan ojú ẹ̀rọ. Èyí tí o kò bá wá gbà, yóò pa rẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wá, a fẹ́ràn láti máa ran ara wa lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ẹni tó bá ń lọ sídìí ẹ̀rọ fi ń gba káàdì àwọn yòókù dání, kó lè bá wọn mú tiwọn bọ̀. Wọ́n kà á sí ìwà ọmọlúàbí.

Akọ̀wé yìí ń bínú sí obìnrin tí wọ́n jọ ń lo yàrá kan. Obìnrin náà máa ń tètè lọ sílé, ọkùnrin yìí ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó bá kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá àgbà, ó pè é ní ọ̀lẹ, ó ní kí wọ́n lé e kúrò. Ó rán an sí ẹ̀rọ.

Kó tó dìde lọ gbà á, obìnrin náà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mi ló wà ní ọsibítù látọjọ́ yìí. Mi ò kàn fẹ́ máa rò ó fún gbogbo èèyàn ni."

Ojú ti ọkùnrin náà gidigidi. Ó lè pa ìwé yẹn rẹ́ lójú ẹsẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò gba wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ó wí fún ara rẹ̀ pé, "Mi ò ṣáà ní lọ gbà á. Tílẹ̀ bá ṣú, á pa rẹ́." Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, ó tẹ ètò ìpàdé kan. Obìnrin náà ń lọ sídìí ẹ̀rọ. "Ẹ mú káàdì yín wá, ẹ̀gbọ́n, kí n bá yín mú un bọ̀." Ó nà án sí i, ó tún dúpẹ́.

Ilẹ̀kùn ti padé kó tó rántí pé káàdì kì í ṣa ìwé. Gbogbo ohun tó ń dúró de èèyàn ló máa ń tú sílẹ̀ pọ̀. Ó sáré jáde, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kò wẹ̀yìn. Ó ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ó ń gbàdúrà kí iná lọ, iná tó ń lọ lójoojúmọ́. Iná ò lọ.

Ó bá obìnrin náà lórí ìdúró, ó ń ka ìwé tó pè é ní ọ̀lẹ. Obìnrin náà ò pariwo. Ó to àwọn ìwé náà pọ̀, ó gbé káàdì lé wọn lórí.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹ̀ ló ti jáde."

Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o ní ìbínú rẹ sí àbúrò rẹ ti tán nínú rẹ, pé o kàn pa ẹnu mọ́ ni. Mo gbọ́. Àmọ́ lọ́la ni ẹ ó jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí ilé bàbá yín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wàá la ẹnu fún, èyí tó ti ń dúró látijọ́ á sì bá a jáde. Lọ pa á rẹ́ lónìí, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ṣì mọ̀ pé o kọ ọ́.