Ẹ̀bẹ̀ tí Wọ́n Ní Kí Àdùfẹ́ Bẹ̀

Ìyáàfin Fadérera, ọ̀gá níléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé, bi Akínlàbí, òṣìṣẹ́ rẹ̀, pé: "Àdùfẹ́ tí ìyàwó bàbá rẹ̀ fi ọ̀bẹ gbígbóná jó lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, mà. Mo ti parí ìjà náà. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì pé òun tú àṣírí ilé síta."

Fadérera dìde lórí àga. "Ìjà wo? Ta ló ń bá ọmọ ọdún méje jà? A ní kí o fẹ́ ọmọ lójú, o fi ata sẹ́nu! Dìde, ká lọ gbé e."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọwọ́ kejì náà ti bó. Bí ọmọ náà ṣe rí Akínlàbí, ó yára kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní sọ fún yín mọ́."