Kaun Tí Ó Hó Lára Ìjàpá

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbé ohùn sókè, inú ń bí mi lónìí. Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó wọ́n káàkiri ìlú, ó pọ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Kí ni o?

A ò mọ̀!

Ẹ ó mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó sì ta bá Tíṣà Ẹtu tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹranko ní kẹ́mísìrì.

Ní ayé ìgbà náà, kaun àti àdín ni Tíṣà Ẹtu fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń se ọṣẹ. Ọ̀nà jíjìn ni kaun ti ń wá. Nígbà tó yá, adágún tí wọ́n ti ń kó o gbẹ, kaun di ọ̀wọ́n. Àsìkò yìí gan-an ni Kìnnìún ọba ránṣẹ́ pé, "Mò ń bọ̀ wá fi ọṣẹ yín fọ ọwọ́ lọ́jọ́ ọjà. Bí kò bá hó, n ó ti ilé ìwé yẹn pa, n ó sì gbin iṣu sí ilẹ̀ rẹ̀."

Àpò kaun kan ṣoṣo ló kù. Ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìjàpá, olórí kíláàsì! Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpò ti ṣófo.

"Ìjàpá, kaun dà?"

"Eku ti jẹ ẹ́, Tíṣà."

"Eku wo ló ń jẹ kaun?"

"Ebi ló ń pa wọ́n, Tíṣà."

Inú bí Ẹtu, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí mú dání. Kí ni yóò sọ fún àwọn ìyá tó ń ru igi tà kí ọmọ wọn lè kàwé?

Ibi tí ó ti ń ronú ni Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, ti sunkún wá bá a. "Tíṣà, Ìjàpá ní òun mọ ibi tí kaun wà. Ó ní kí oníkálukú gbé iṣu wá. Kò sí iṣu nílé wa, Tíṣà."

Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Ìjàpá ti gún kaun náà kúnná, ó ti rọ ọ́ sábẹ́ ìkarahun rẹ̀, ó wá fẹ́ tà á fún àwọn tó ni ín.

"Nu ojú rẹ," ni Ẹtu wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní gbé iṣu fún olè. Kí ni iṣẹ́ kaun nínú ọṣẹ?"

"Òun ló ń sọ àdín di ọṣẹ."

"Bó bá yọ́ sínú omi, báwo ló ṣe máa ń rí lọ́wọ́?"

"Ó máa ń yọ̀."

"Kí ni nǹkan mìíràn tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ronú títí. Ojú rẹ̀ là. "Omi eérú, Tíṣà!"

"Ó káre! Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

Wọ́n ṣa èépo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ààtàn, wọ́n sá a, wọ́n sun ún, wọ́n rẹ eérú rẹ̀ sómi, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Ẹtu gbé omi ìṣápá pupa kalẹ̀ láti fi dán an wò. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá kán omi kaun sí i, ṣe ló máa ń dà bí àwọ̀ ewé. Wọ́n kán omi eérú sí i. Ó di àwọ̀ ewé! Àwọn ọmọ hó yèè. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àdín lórí iná, wọ́n sì rò ó títí ó fi dì.

Ìjàpá yọ ṣùtì. "Pàǹtírí ni ẹ fẹ́ fi fọ ọwọ́ ọba? Òòbẹ̀ kì í ṣe àdán o!" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gbé iṣu wá. Ó bá pinnu pé òun yóò ba ọṣẹ wọn jẹ́ lójú ọba.

Ọjọ́ ọjà pé. Nílùú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dé iwájú ọba pẹ̀lú ara gbígbẹ. Àdín ni wọ́n fi ń para títí wọn yóò fi máa dán. Ìjàpá fi àdín kun ọrùn, ó kun apá, ó kun itan. Kò jẹ́ fi kaun sílẹ̀ nílé, nítorí olè mọ̀ pé olè ń bẹ. Oòrùn mú gan-an.

"Kábíyèsí," ni Ìjàpá wí, "ẹ má fọwọ́ kan ọṣẹ yìí! Ààtàn ni..."

Òógùn bò ó. Òógùn pàdé kaun, kaun pàdé àdín. Hòò! Ìfófòó yọ lọ́rùn rẹ̀.

"Ìjàpá, kí ló ń hó lára rẹ?"

"Òógùn ni, Kábíyèsí."

Ẹtu fò sókè. "Kábíyèsí, eku tó jẹ kaun wa nìyẹn!"

Wọ́n dojú Ìjàpá délẹ̀, kaun dà ṣùrùrù. Ọba fi ọṣẹ àwọn ọmọ fọ ọwọ́, ó hó kẹ̀ǹkẹ̀. Ó ní kí ilé ìwé máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe ṣan ara Ìjàpá, kí wọ́n fi í sínú oòrùn títí ohun tó jí yóò fi gbẹ mọ́ ọn lára.

Ìdí nìyẹn tí awọ Ìjàpá fi gbẹ, tó hunjọ títí dòní. Bó bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kíá ló ń fa orí wọlé; ó rò pé Tíṣà Ẹtu ló ń bọ̀ wá béèrè kaun.

Nígbà tí wọ́n ń relé, Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ojú Ẹtu. "Tíṣà, a ti borí. Kí ló dé tí ẹ ṣì ń bínú?"

"Adágún tó gbẹ kò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Ohun tó bá tán, a ó wá òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó kó tiwa pamọ́, tó ní ó ti tán, òun ló ń bí mi nínú."

Ibẹ̀ ni mo bá a dé, ibẹ̀ ni mo ti padà. Bí mo bá purọ́, kí ọṣẹ má hó lọ́wọ́ mi lọ́la. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ó hó kí gbogbo yín rí i.