Ọdẹ́wùmí àti Ìbọn Tó Rà Lọ́pọ̀

Ìmàdò ló ń jẹ oko Ọdẹ́wùmí run. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ kéré, iṣu tó gbìn sí etí odò ní Òkè Ìdùn nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ó ṣọgbà, ìmàdò wó o. Ó wọ aṣọ fún igi kí ó lè jọ ènìyàn, wọ́n rọ́ ọ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ebè tó kù kò tó nǹkan mọ́, Ọdẹ́wùmí ní ọmọ ọdẹ ni òun, òun kò ní í jókòó kí ẹran fi ebi pa ọmọ òun.

Àjàgbé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ń dáko nítòsí, ìyà kan náà ló ń jẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Ògúnníran alágbẹ̀dẹ, tí ń rọ ìbọn fún àwọn tí apá wọn kò ká ìbọn olówó ńlá. Olúkúlùkù ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọdẹ́wùmí yẹ tirẹ̀ wò, ó rí i pé irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ níbi tí ẹ̀tù ń jókòó sí. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ọkọ mi," ó wí fún Àjàgbé, "ẹ jẹ́ ká lọ bèèrè kí a tó yìn ín."

Wọ́n tọ Ifádoyin lọ, ìyánífá àgbà ìlú náà. Ó wí fún wọn pé:

"Wéré ni à ń ra ohun ọ̀pọ̀,
Pẹ̀lẹ́ ni à ń lò ó.

"Ifá ní ire wà nínú ohun tí ẹ ń lépa, ṣùgbọ́n ikú dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àkùkọ kọ̀ọ̀kan, epo, àti ẹ̀tù ni ẹbọ. Ẹ so ìbọn mọ́ kùkùté igi, ẹ ki ẹ̀tù sínú rẹ̀ dáadáa, ẹ fi okùn fà á láti òkèèrè. Kí Ògún kọ́kọ́ gba tirẹ̀ kí ènìyàn tó gbé e léjìká."

"Bí ó bá bẹ́ ńkọ́, Ìyá?" Ọdẹ́wùmí bèèrè.

"Gbé e padà fún ẹni tó rọ ọ́. Má bá a jà, má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi tún un rọ."

Àjàgbé dìde. "Ẹ̀tù tí mo fẹ́ fi pa ìmàdò, orí igi ni ẹ ní kí n yìn ín dànù sí. Èmi kò lè ṣe é, Ìyá." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọdẹ́wùmí rúbọ. Ó so ìbọn mọ́ kùkùté, ó lúgọ sẹ́yìn òkìtì, ó fa okùn. Ìbọn bẹ́. Irin rẹ̀ fọ́n ká, ọ̀kan gún igi wọlé ṣinṣin. Kò dúró sunkún. Ó kó àfọ́kù náà, ó sáré gba oko Àjàgbé lọ láti kìlọ̀ fún un. Kò tíì débẹ̀ tí ó fi gbọ́ ìró ìbọn, lẹ́yìn náà igbe.

Ìbọn ti gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì Àjàgbé. Ọdẹ́wùmí fi gèlè rẹ̀ di ọwọ́ náà, ó gbé e délé.

Lẹ́yìn náà ó kó ìbọn méjèèjì tó bẹ́ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ. "Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ rọ ọ́. Mo wá jókòó títí ẹ ó fi rọ èyí tó ṣeé gbé léjìká." Ògúnníran rí ẹ̀jẹ̀ lára èkejì. Ó kó irin tó nípọn sínú iná. Ọdẹ́wùmí ń fẹ́ ẹwìrì fún un, kò lọ sílé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ so ìbọn náà mọ́ igi, ó sì fà á. Ó dún, kò bẹ́.

Obìnrin náà fi sùúrù kọ́ ìwà ìbọn náà. Ó rí i pé ọta rẹ̀ máa ń yà sí òsì, ó sì mọ bí yóò ṣe dojú rẹ̀ kọ ẹran. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó pa baba ńlá ìmàdò kan létí odò. Àwọn yòókù sá, wọn kò padà mọ́.

Ọdún yẹn, iṣu ta dáadáa ní oko Ọdẹ́wùmí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì yó. Ifá ní ẹni tó gbọ́ rírú ẹbọ tó rú u, ọ̀nà là fún un. Àjàgbé tó fojú tín-ín-rín ẹbọ kábàámọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè kọ ebè mọ́, iṣu ẹni tó rúbọ ni òun náà ń jẹ.