Ògiri Tí Kò Gba Àṣẹ Ọba

Ilẹ̀ ló ń gbé ògiri,
Ògiri ló ń gbé òrùlé,
Òrùlé tó bá ń fi ilẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìsàlẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Orúkọ àwọn awo mẹ́ta nìyẹn. Àwọn ni Awẹ́ró, ọmọ ọ̀mọlé, lọ bá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀, tí àwọn ẹbí sì ti ń sọ pé obìnrin kì í ṣe olórí àwọn tó ń mọ ilé.

Ilé mímọ ni iṣẹ́ ìdílé wọn ní Ìdó-Amọ̀. Bàbá bàbá wọn ló mọ ilé àkọ́kọ́ nílùú náà. Fátólú, bàbá Awẹ́ró, ló mọ ẹnubodè. Àwọn ọkùnrin ilé náà a máa mọ ògiri, àwọn obìnrin a máa rẹ́ ẹ kó dán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Awẹ́ró yàtọ̀. Tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, yóò mọ̀ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀. Fátólú kì í fi ìpele amọ̀ kan lé èkejì àfi tí Awẹ́ró bá ti sọ pé ó gbẹ. Àwọn àbúrò Fátólú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé ó ti fi ọmọbìnrin ṣe oòrùn. Ilé rẹ̀ kan kò wó rí.

Ifá ní Awẹ́ró ni yóò jókòó sí ipò bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń jẹ́ òfin yóò bá a jà lórí ògiri kan. Wọ́n ní kó fi ẹyẹlé méjì rúbọ. Wọ́n ní kó máa se àdàlú fún àwọn tó ń po amọ̀ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún wọn. Wọ́n ní kó má ṣe fi ìpele tútù lé ìpele tútù, ẹni yòówù kó pàṣẹ.

Awẹ́ró rú ẹyẹlé, ó jókòó sí ipò bàbá rẹ̀, ó gbé ìkòkò kaná. Àkànmú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kò dá sí i. Ó ní ọba ló ń fún àwọn níṣẹ́, kì í ṣe àwọn tí amọ̀ dé orúnkún wọn. Ó ní ẹni tó ń bọ́ alágbàṣe bí àlejò kò mọ ohun tó ń ṣe.

Kò pẹ́, ọba ní kí wọ́n mọ àgbàlá tuntun sí ààfin, ògiri méjì tó kọjú síra, ìpele mẹ́fà-mẹ́fà. Awẹ́ró parí ti ìlà-oòrùn. Ti ìwọ̀-oòrùn ṣì wà ní ìpele kan nígbà tí ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ọba, dé. Ó ní ọba ìlú kejì ń bọ̀ wá kí Kábíyèsí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án òní, ògiri náà gbọ́dọ̀ dìde kó tó dé. Ìpele kan kì í gbẹ kó tó di ọjọ́ márùn-ún. Awẹ́ró ní kí ẹmẹsẹ̀ lọ sọ pé kò ṣeé ṣe.

Wọ́n pè é sí ààfin. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ lè pàṣẹ kí wọ́n bẹ́ orí mi. Ẹ kò lè pàṣẹ fún amọ̀.”

Inú bí ọba. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Àkànmú, ó sì ní ẹsẹ̀ Awẹ́ró kò gbọdọ̀ tẹ ààfin mọ́. Obìnrin náà sunkún nígbà tó délé, n kò ní parọ́ fún yín. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń lọ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹbí ní kó lọ tọrọ àforíjì, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá òun bẹ ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń po amọ̀ kó ọkọ́ wọn, wọ́n kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó bu àdàlú fún àwọn ni àwọn mọ̀. Àkànmú wá àwọn mìíràn láti oko. Ó ń fi ìpele lé ìpele, òwúrọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan. Ògiri ga. Àwọn ẹbí ń patẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n gbé igi òrùlé lé e. Kò sí òjò, kò sí ìjì. Ìdí ògiri kàn wú síta, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀, ó bo Àkànmú dé àyà. Àwọn ará oko sá lọ. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí tó wó ńkọ́?

Awẹ́ró gbọ́. Kò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wọ ààfin tí wọ́n ní kó má wọ̀, wọ́n sì fi ọkọ́ wa àbúrò rẹ̀ jáde láàyè. Ògiri ìlà-oòrùn ń wò wọ́n lórí ìdúró.

Ọba gba àlejò rẹ̀ lábẹ́ igi. Lẹ́yìn náà ló ní kí Awẹ́ró padà sẹ́nu iṣẹ́. Awẹ́ró ní òun gbà, tí Àkànmú bá máa bá wọn po amọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ka ọjọ́ fún òun mọ́. Àkànmú ló kọ́kọ́ bọ́ sínú amọ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, Awẹ́ró bu àdàlú fún un bí ó ṣe bù fún àwọn yòókù.

Ó ń yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń yin Ifá. Ẹni tó rúbọ ni ẹbọ ń gbè, ẹni tó gbọ́ràn ni ilé rẹ̀ ń dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ọba fúnra rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, ó béèrè bóyá ìpele tuntun ti gbẹ. Awẹ́ró fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri.

“Kò tíì gbẹ, Kábíyèsí.”

Ọba yí padà, ó lọ dúró de ògiri.